Sọ́rì Oríṣi Méjì Nílé Wa ní Òkè-Àgbò

Kí ìpè ìrun àsùbá tó parí ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa, ẹnìkan á ti sọ pé "sọ́rì" nínú ilé wa ní Òkè-Àgbò. Ó lè jẹ́ Màámi ló fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbá odó nínú òkùnkùn, tí Ìyá Àgbà yóò sì ké láti inú yàrá rẹ̀ pé, "Sọ́rì o! Sọ́rì!" Ó lè jẹ́ èmi ni èéfín kó sí lójú nídìí ààrò, tí ẹni tó ń fẹ́ iná àti ẹni tó ń gbálẹ̀ á jọ sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Àgbà a máa sọ ọ́ fún ewúrẹ́ tí okùn bá lọ́ mọ́ lẹ́sẹ̀. A máa sọ ọ́ fún ẹni tí òjò ba gààrí rẹ̀ jẹ́, àti fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí ìyá mi. Kò jókòó ní kíláàsì kankan rí, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni sọ́rì, ó kàn rí i bí ohun tí wọ́n ti fún un pátápátá. Ìjẹ̀bú ló ń sọ látàárọ̀ dalẹ́, ó sì máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ náà gùn bí ẹni ń fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn ọmọ. Yorùbá gbogbo ènìyàn ni mo fi ń kọ ohun tó sọ síbí yìí, nítorí n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun báyìí. Mo ń kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí ọmọ ilé-ìwé ti pọ̀ ju onílẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo kà nípa ibi tí sọ́rì ti wá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe ojú egbò, tàbí ibi tó ń roni lára, ni wọ́n ti fà á yọ láyé àtijọ́. Ẹni tó bá ní òun wà ní sọ́rì nígbà náà, ohun tó ń sọ ni pé nǹkan ń dun òun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ó di ohun tí ènìyàn ń sọ láti gbà pé òun jẹ̀bi. Lónìí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀. Wọ́n ń fi í bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń fi í kẹ́dùn. Bí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ kò bá gbọ́ dáadáa, á ní "sọ́rì?" kí a lè tún un sọ. Bí ilé kan bá wó débi pé ó ṣeni láàánú, wọ́n á ní ó wà ní ipò sọ́rì. Mo máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sójú pátákó fún àwọn ọmọ, wọ́n á dà á kọ, wọn kò sì ní béèrè nǹkan kan. N kì í sọ fún wọn pé mo mọ ọkùnrin kan tí wọ́n fẹ́ sun ọ̀kadà rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún tí Sàfíyà wá ni. Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ni, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó fi díẹ̀ jù mí lọ, ó ga, ó sì ní bàtà funfun kan tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé ìsinmi ni wọ́n wá lò lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Wọ́n lò ó lóòótọ́. A mú un lọ wo ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ariwo ẹ̀rọ náà bà á lẹ́rù, ó fi ọwọ́ di etí. Ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, ó ní ó jọ nǹkan tí wọ́n ń fún ọmọ ọwọ́, àmọ́ ó lá abọ́ náà mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí, kò bá bàbá rẹ̀. Àpótí bàbá náà kò sí nílẹ̀. Ìwé ìrìnnà Sàfíyà alára kò sí nínú báàgì tó ti ń gbé e. Màámi ló jókòó tì í lórí ibùsùn, tó sọ fún un pé ọ̀dọ̀ wa ni yóò ti lọ sílé ìwé lọ́dún náà, pé ìyá rẹ̀ ti kó kúrò nílé lọ́hùn-ún, bàbá rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ òru, kò sí ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Sàfíyà kò sunkún. Ó béèrè pé ṣé gbogbo wa la ti mọ̀. Màámi ní, "Sọ́rì, ọmọ mi. Sọ́rì." Ìyá Àgbà náà sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi náà sọ ọ́, nítorí pé ohun tí ènìyàn ń sọ nìyẹn.

Ó yí ojú sí mi, ó sì béèrè ní èdè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Kí ni ẹ̀yin ṣe? Òun ló lọ. Kí ló dé tí ẹ̀yin ni ẹ ń sọ sọ́rì?"

Ọdún yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí ọ̀rọ̀ tí a ti ń lò láìrò. Bí mo bá sọ sọ́rì fún un pé omi dà sí i lára, á ní, "Ìwọ kọ́ lo dà á." Bí ó bá bó ẹ̀gẹ́ tí ọ̀bẹ sì gé e, gbogbo àwọn obìnrin tó jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká á ké sọ́rì papọ̀, á sì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá olè. Ìyá Àgbà rò pé ọmọ náà gbéra ga ni. "Wọ́n ń kí i, kì í dáhùn," ló sọ fún Màámi. Lójú Sàfíyà, ilé tó kún fún ẹlẹ́bi ni ó bọ́ sí, a sì ń jẹ́wọ́ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ ohun tó ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì a máa ń lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fi fóònù ṣòwò lábẹ́ agboòrùn lójú títì, láti pe Bọ̀ọ̀dá Ràfíù. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í wọlé. Ohùn obìnrin inú fóònù á kàn sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé sọ́rì, nọ́ńbà tí ẹ ń pè kò lọ. Ìyá Àgbà gba fóònù náà lọ́wọ́ Sàfíyà lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó yé e nínú rẹ̀, ó sì dá obìnrin náà lóhùn tọkàntọkàn pé, "Ẹ ṣé o, ìyá. A dúpẹ́." Mo rẹ́rìn-ín. Sàfíyà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òun náà ń sọ ọ́."

Gààrí ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Ó ní agbada ńlá méjì tí wọ́n fi amọ̀ mọ ìdí wọn, igbá tó fi ń yan gààrí nínú wọn sì máa ń dún ṣáṣáṣá títí tí a ó fi gbàgbé pé ó ń dún. Iṣẹ́ èmi àti Sàfíyà lẹ́yìn ilé ìwé ni kí a ru ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti bó lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń rin ín, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èrò pọ̀ nídìí ẹ̀rọ. Mo dúró ti abọ́ wa kí wọ́n má baà gba ipò wa, Sàfíyà sì sọdá títì láti ra búrẹ́dì. Ọ̀kadà kan tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn gbá a lẹ́sẹ̀, kò dúró. Sàfíyà dojú bolẹ̀. Ọ̀kadà mìíràn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó dúró, ẹni tó gùn ún bọ́ sílẹ̀, ó gbé e jókòó, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì ń sọ pé, "Sọ́rì. Sọ́rì, àbúrò. Ah, sọ́rì." Jímọ̀ ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ibiade ni, láti ìhà odò, apẹja ni bàbá rẹ̀, òun sì wá fi ọ̀kadà wá oúnjẹ òòjọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyẹn, ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo fi sáré débẹ̀, èrò ti pé lé wọn lórí. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ Sàfíyà pé ta ló gbá a. Ó nàka sí Jímọ̀. Wọ́n tún béèrè pé ṣé ó dá a lójú. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá oníbúrẹ́dì ń pariwo pé òun kọ́, pé ẹni tó gbá a ti lọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tirẹ̀ nígbà tí ẹni tí wọ́n gbá ti sọ̀rọ̀? Wọ́n já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ Jímọ̀. Ẹnìkan gbá a létí, ẹlòmíràn gbá a lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ yọ. Ó ń sọ pé, "Mo dúró ni! Ẹ gbọ́, mo dúró ni!" Wọ́n ti ti ọ̀kadà náà dùbúlẹ̀, epo sì ti ń ṣàn jáde nínú rẹ̀ sórí títì. Mo gbọ́ tí ẹnìkan ń béèrè ìṣáná. Mo sáré lọ pe Màámi. N kò sọ ju pé, "Wọ́n fẹ́ sun ọ̀kadà, Sàfíyà ló ní òun ni." Ó sọ igbá gààrí sílẹ̀, ó sì sáré láìwọ bàtà.

Màámi kì í ṣe obìnrin tó máa ń pariwo. Ó la èrò náà kọjá, ó lọ jókòó sórí ọ̀kadà tó dùbúlẹ̀ náà, sínú epo bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó ní ìṣáná máa ṣá a. Kò sí ẹni tó ṣá a. Ó wá yíjú sí mi.

"Kúdí, bi í fún mi. Ṣé ó rí ojú ọkùnrin yìí nígbà tó gbá a?"

Mo bi í. Sàfíyà ní rárá, ilẹ̀ ni òun dojú bò.

"Báwo ló ṣe wá mọ̀ pé òun ni?"

Mo tún bi í. Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò nítumọ̀. "Ó sọ sọ́rì," ló wí. "Ó ń sọ ọ́ ṣáá. Kí ló dé tó fi ń sọ sọ́rì bí kì í bá ṣe òun?"

Mo tú u sí Yorùbá fún gbogbo èrò gbọ́. Mo rántí bí ibẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán. Ẹnìkan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó bò ó mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀kadà náà dìde lẹ́yìn tí Màámi dìde kúrò lórí rẹ̀, wọ́n dá kọ́kọ́rọ́ padà, èrò sì tú díẹ̀díẹ̀, olúkúlùkù ń sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé òun kò fọwọ́ kàn án. Màámi kó àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, wọ́n di ẹsẹ̀ Sàfíyà, wọ́n sì nu ẹnu Jímọ̀. Orí àga kan náà ni wọ́n jókòó sí. Bí òwú olóògùn ṣe kan ẹsẹ̀ Sàfíyà, tó sì ké, Jímọ̀ tún sọ ọ́. Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ó kàn jáde lẹ́nu rẹ̀ tó ti wú. Sàfíyà gbọ́ ọ, ó sì bo ojú.

Lálẹ́, lẹ́yìn ìrun, Màámi ṣàlàyé fún un. Ó ní bí a bá sọ ọ́, a kò sọ pé àwa la ṣe é. Ohun tí à ń sọ ni pé ó ń dùn ọ́, a sì rí i pé ó ń dùn ọ́. Sàfíyà béèrè pé bí ó bá wá jẹ́ òun ló ṣe é ńkọ́, kí ni ènìyàn ń sọ? Ìyá Àgbà ni ó dáhùn. Ó ní ẹni tó bá ṣe é, á kúnlẹ̀, á sì sọ ohun tó ṣe.

Ní ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà di gààrí sínú àpò, a sì lọ sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí. Sàfíyà ń tiro. Ó kúnlẹ̀ níwájú Jímọ̀ lójú gbogbo wọn, ó sì sọ ohun tí a ti jọ kọ́ láti ilé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. N kò rí yín, mo sì ní ẹ̀yin ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ yín." Jímọ̀ ní kó dìde. Ó béèrè pé ẹsẹ̀ ńkọ́. Ó gba gààrí náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó sọ fún Ìyá Àgbà ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá, ti ọmọ yìí yé mi. Ọmọ ni. Àwọn àgbàlagbà ni kò béèrè." Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé kì í dúró fún ẹni tó bá ṣubú mọ́. N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi bó bá jẹ́ òótọ́.

Láti ìgbà náà ni Sàfíyà ti ń gbọ́ wa. Bí a bá sọ sọ́rì fún un, á ní ẹ ṣé. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ewúrẹ́. Yorùbá rẹ̀ já gaara, Ìjẹ̀bú inú rẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà ló ti ń kọ́ ọ nídìí agbada. Màámi rò pé ó ti gbàgbé ti bàbá rẹ̀. Kò gbàgbé. Ó kàn ti mọ̀ báyìí pé oríṣi méjì ni ọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀kan ni gbogbo ilé ti fún òun, ó sì mọ ẹni tó kù tó yẹ kó fún òun ní èkejì.

Bọ̀ọ̀dá Ràfíù dé nígbà Iléyá. Ó kó ẹrù wá, bàtà, súwẹ́tà, ṣokoléètì tó ti yọ́ mọ́ inú bébà rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pín ẹran tán, tí ilé rọ̀, a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ìkọ́kọrẹ́. Ó na ọwọ́, ó gbé e lé orí ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Sàfí, sọ́rì. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ."

Sàfíyà gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ṣé, Dádì. Èwo nìyẹn?"

"Èwo ni èwo?"

"Ṣé èyí tí Ìyá Àgbà máa ń sọ ni, àbí èyí tí èmi sọ fún Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀?"

Ó wo Màámi kí ó ràn án lọ́wọ́. Màámi ń wo inú abọ́. Ó wo ìyá rẹ̀. Nílé wa, bàbá kì í bẹ ọmọ. Ó lè ra nǹkan fún un, ó lè bu ẹran tirẹ̀ fún un, ọmọ á sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ìyá Àgbà ní, "Ọmọ rẹ bi ọ́ léèrè, Ràfíù. Dá a lóhùn." Bọ̀ọ̀dá Ràfíù dìde, ó jáde lọ sí ẹnu ọ̀nà. A rò pé ó bínú lọ ni. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́ díẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, lẹ́yìn náà ó padà wá jókòó sí ilẹ̀, kì í ṣe sórí àga tó ti dìde kúrò lórí rẹ̀, kí ojú òun àti ti ọmọ náà lè dọ́gba.

"Èyí tí ìwọ sọ ni," ló wí. "Láti ọ̀hún ni mo ti mọ̀ pé mi ò ní mú ẹ padà. Mo sọ fún ẹ pé ìsinmi ni. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Mo lọ nígbà tí o ń sùn nítorí pé ẹ̀rù ẹkún ẹ ń bà mí."

"Ǹ bá má ti sunkún," ni Sàfíyà wí, ó sì bú sẹ́kún. Ó sun ún gan-an, ẹkún gbogbo ọdún náà ni ó sun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bàbá rẹ̀ sì jókòó tì í, kò ní kó dákẹ́. Ìyá Àgbà tún oúnjẹ bù. Nígbà tó parí, bàbá rẹ̀ lọ mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní bí ó bá fẹ́ kí wọ́n jọ padà, àwọn á jọ padà. Sàfíyà ṣí i, ó wo àwòrán ara rẹ̀, ó pa á dé. Ó ní òun á dúró títí òun á fi ṣe ìdánwò òun, lẹ́yìn náà òun á sọ ìgbà tí òun ń bọ̀, àti pé ọwọ́ òun ni ìwé náà máa wà. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ní ó dáa. Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí.

Ìyá Àgbà ti kú. Sàfíyà ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́hùn-ún, ó ti bí ọmọ méjì. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù ti fẹ̀yìn tì, ó ti padà sílé, yàrá tó kọjú sí mọ́ṣáláṣí ló ń gbé. Èmi ni mo máa ń wá wò ó láti Àgọ́-Ìwòyè. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá nígbà tí Sàfíyà pè. Wọ́n kí ara wọn, ohùn Sàfíyà ń dún síta nínú fóònù, wọ́n sọ ti òjò, wọ́n sọ ti àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà Sàfíyà béèrè lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ pé ṣé ó ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tòní. Bàbá rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti lò ó láàárọ̀. Sàfíyà ní, "Dádì, ẹ gbé fóònù fún Kúdí." Ó gbé e fún mi. Páálí oògùn náà wà lórí tábìlì láàárín àwa méjèèjì. Mo wò ó, hóró tòní ṣì wà nínú rẹ̀, mo sì sọ fún Sàfíyà pé kò tíì lò ó. Bọ̀ọ̀dá Ràfíù gbójú sókè wò mí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ mú páálí náà, ó ní kí n bu omi wá fún òun.